Ẹ Má Di Igi Afárá Mú

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Wá ibi kan jókòó sí kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó lè dì ọ́ mú, pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kò ṣeé fi pamọ́ fún ọmọ, bó ti wù kí ọmọ náà jìnnà tó.

Bàbá Télọ̀ sín.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni, ní géètì kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó sín sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo fọ́tò, ó sì fi ọwọ́ kan náà ṣí géètì. Èmi ìyá rẹ ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, géètì, ọwọ́.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ara tèmi le.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti kọlu Bàbá Télọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Dókítà ní kó máa rìn lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ náà á kú mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí èmi àti Bàbá Télọ̀ àbúrò mi fi ń gba ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìnkùlé láràárọ̀. Géètì mẹ́ta la ó kọjá, lẹ́yìn náà afárá onípákó tó wà lórí odò kékeré, lẹ́yìn náà bẹ́ńṣì orí òkè. A ó sinmi, a ó padà. Ibi afárá yẹn nìkan ló ṣòro, torí pákó rẹ̀ máa ń yọ̀. Ṣùgbọ́n igi ìdìmú wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Télọ̀ sì lágbára. Ọdún márùndínlógójì ló ti fi ń di sísọ́ọ̀sì mú.

Wàyí o, rédíò ń sọ pé àìsàn ikọ́ tuntun kan ti dé, pé fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á lè dúró lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń fọwọ́ kàn. Mo bá jókòó, mo ronú. Ta ni kì í fọwọ́ kan géètì wa? Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì yẹn wà níbẹ̀, tó máa ń fi ọwọ́ nu imú ajá rẹ̀. Àwọn àfẹ́sọ́nà méjì kan wà tí wọ́n máa ń fara ti géètì kejì bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i. Awakọ̀ katakata náà wà, tí kì í di nǹkan kan mú láìkọ́kọ́ tutọ́ sọ́wọ́.

Ìwọ tí o wà ní ẹ̀ka ìlera níbẹ̀, kí ni àwọn ọ̀gá yín sọ? Kọ ọ́ fún mi ní nọ́ńbà ní nọ́ńbà. Má fóònù. O mọ̀ mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe wolé-wolé, n kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ti ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni pa rí. Ohun tí wọn ò bá kọ sílẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, màá ṣe é.

Ìyá rẹ.

Bàbá Télọ̀ ní kí n fún òun láyè díẹ̀ níbí: Ọmọ mi, má dá ìyá rẹ lóhùn. Eruku ló kó sí mi nímú. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń tẹ̀ lé mi kiri pẹ̀lú bírò àti ìwé, bí ọlọ́pàá tó ń retí kí n tún ọ̀ràn dá. Ẹ̀wù òtútù tí mo rán fún ọ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gbà ọ́, àbí oúnjẹ òkèèrè ti fẹ̀ ọ́ níkùn?


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mo kí Bàbá Télọ̀, mo kí imú wọn. Ẹ̀wù òtútù náà ṣì ń gbà mí. Bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí télọ̀ ibí fọwọ́ kàn án. Inú àpò mi ni mo fi bọ́tìnnì náà sí.

Lẹ́tà yín bọ́ sásìkò gan-an. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga ni. Èmi ni Alábòójútó Ohun Àjùmọ̀lò fún gbogbo ọ̀nà oko tí àwọn èèyàn ń rìn ní agbègbè yìí. Géètì mọ́kànlélógójì, bẹ́ńṣì mẹ́sàn-án, afárá méje, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fúnra mi, mi ò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún mi ní aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò. Wọ́n fún mi ní ohun èlò. Wọ́n sì fún mi ní káàdì òfin tí à ń so mọ́ ọrùn, tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní i. Mo tú u sí èdè wa fún yín, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò níbẹ̀:

Òfin kìíní: Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jáde àti nígbà tí o bá wọlé.
Òfin kejì: Má fi àtẹ́lẹwọ́ ṣí géètì. Ìgbọ̀nwọ́ tàbí ìdí ni kí o fi tì í.
Òfin kẹta: Má jókòó lórí bẹ́ńṣì.
Òfin kẹrin: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di igi ìdìmú afárá mú, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.
Òfin karùn-ún: Má fi ọwọ́ kan ojú, imú tàbí ẹnu.
Òfin kẹfà: Ohunkóhun tó bá ti òde wá, tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn, yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí o tó ṣí i tàbí kí o tó lò ó.

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Níbí o, ẹni tó bá rú òfin kẹrin, lílé ni wọ́n ń lé e.

Ọmọ yín,
Alábòójútó.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi Alábòójútó,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo lu òǹtẹ̀ mi àtijọ́ sí i. Ọ́fíìsì gbàgbé láti gba òǹtẹ̀ náà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, èmi náà sì gbàgbé láti rán wọn létí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà. Nígbà tí mo dé ibi "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀" lẹ́ẹ̀kẹta, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ló kọ ọ́. Mo kà á sétí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì. Ó ní ọmọ tòun ń wa takisí níbẹ̀. Mo bá a kẹ́dùn.

Òfin ti ń ṣiṣẹ́ nílé. Kìíní kò ní wàhálà. Ní ti èkejì, Bàbá Télọ̀ ti ń fi ìdí ṣí géètì. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun ó darúgbó tán kí ìdí òun tó rí iṣẹ́ ṣe. Ní ti ẹ̀kẹta, a kì í jókòó mọ́. Bí a bá ti dé orí òkè, a ó dúró ti bẹ́ńṣì náà, a ó wò ó, a ó padà. Ní ti ẹ̀kẹfà, mo ní kí káfíńtà kan àpótí onínẹ́ẹ̀tì fún mi, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó bá ti òde wọlé, inú rẹ̀ ló ń lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tó dé lára rẹ̀. Búrẹ́dì kan wà níbẹ̀ báyìí tó ku ọjọ́ márùn-ún. Ó ti ń hu irùngbọ̀n. Lẹ́tà rẹ nìkan ló bọ́, torí inú rẹ̀ ni òfin wà. Láti ìsinsìnyí lọ, àwọn lẹ́tà rẹ náà á máa wọ àpótí. Mi ò lè torí pé o jẹ́ ọmọ mi kí n ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀kẹrin ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Mo ra ọ̀dà pupa, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ DI IGI YÌÍ MÚ. Olùkọ́ alájá kígbe mọ́ mi. Mo fi lẹ́tà rẹ hàn án, ó fa ajá rẹ̀ lọ. Bàbá Télọ̀ dúró sórí pákó àkọ́kọ́, kò lọ, kò bọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mi ò bá di igi mú, kí ni kí n wá dì mú?"

Mo ní, "Di ara rẹ mú."

Ó ní, "Ara tó fẹ́ ṣubú náà ni kí n dì mú?"

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìbọ̀wọ́ kan jáde tó fi aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú ẹ̀wù rán. Ó rán an dáadáa o, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo wo òfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, n kò rí ìbọ̀wọ́ níbẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sínú àpótí.

Síbẹ̀, mo jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Nítorí náà mò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ gẹ́gẹ́ bí Alábòójútó: ǹjẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá lè di igi ìdìmú mú? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Títí èsì rẹ yóò fi dé, ohun tí o kọ náà là ń ṣe. Mo tún ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà oko níbí, pé kí wọ́n wá yẹ àwọn géètì wọ̀nyí wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lára wọn. Wọn ò tíì fèsì. O mọ̀ wọ́n.

Ìyá rẹ.

Bàbá Télọ̀ ní: Ọmọ mi, ìgbà tí o fẹ́ rìnrìn àjò, ọjọ́ méjì ni mo fi rán ẹ̀wù yẹn, n kò sùn. Ìlà kan ni mo fẹ́ kí o fi san án. Kọ ọ́ kíá.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Obìnrin oníbúrẹ́dì ló máa bá mi fi ránṣẹ́. Inú ń bí òun náà, torí búrẹ́dì rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n.

Mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo sì mọ iṣẹ́ náà. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ìyá rẹ wo ẹ̀wù, èmi wo ọwọ́. Télọ̀ ni mí, ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n lè mọ ibi tí màá gé apá ẹ̀wù sí. Awọ ọwọ́ rẹ ti bó. Èékánná rẹ ti funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀gá tó ń jókòó sí ọ́fíìsì kì í ní irú ọwọ́ yẹn. Ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ omi oògùn apakòkòrò látàárọ̀ dalẹ́ ló ń ní in. Ohun èlò tí wọ́n fún ọ yẹn, ṣé korobá ni, àbí àkísà, àbí méjèèjì?

Mi ò ní sọ fún un. Irọ́ tó ń jẹ́ kí ìyá rẹ máa gbé àyà síwájú kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ṣubú lánàá. Orúnkún ni mo fi gúnlẹ̀ lórí afárá, díẹ̀ ló kù kí n wọ odò. Ṣé o mọ ohun tí ìyá rẹ sọ? Ó ní, "O káre. O ò fọwọ́ kàn án." Ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé òfin ń ṣiṣẹ́.

Bí mo bá jókòó sílé, ẹsẹ̀ mi á kú. Bí mo bá ń rìn láìdi nǹkan mú, ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló máa kú. O lè sọ pé kí n yáa dì í mú kí n sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀yìn mi ló sì ń rìn. Láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò ló ti ń sọ ohun tí mo lè fọwọ́ kàn àti ohun tí mi ò lè fọwọ́ kàn fún mi. Ìyàwó mi kú, ó gbà mí sílé. Ẹ̀gbà kọlù mí, ó ń wọ ṣòkòtò fún mi fún oṣù mẹ́ta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún un pé rárá.

Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ ọ́n. O kàn máa kọ "Ó lè dì í mú," o máa bọwọ́ lù ú. Ó tán.

Bàbá rẹ, Télọ̀.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè yín ti dé iwájú àwọn àgbà ọ́fíìsì. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ. Wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti gbé e yẹ̀ wò. Títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó, ẹ máa bá òfin lọ.

Mo kọ lẹ́tà kan sí Bàbá Télọ̀ lọ́tọ̀, ó wà nínú àpòòwé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹ̀wù ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan míì. Ẹ fún wọn bó ṣe wà.

Ọmọ yín,
Alábòójútó.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Bàbá Télọ̀ mi,

Méjèèjì ni. Korobá lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀wù yín ni mo ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ ọlọ́sàn náà.

Ẹ dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi dì í mú. Òfin kẹrin kì í ṣe fún ẹni tó ń rìn, àwa tí à ń nu igi náà ló wà fún. Bí a bá ti fi oògùn pa á lára tán, a kì í fọwọ́ kàn án, kí àmì ìka má bàa hàn nígbà tí fóòmàn bá dé. Òfin kẹta, torí kí a má bàa máa jókòó lẹ́nu iṣẹ́ ni. Òfin kẹfà, ti fìlà àti agboòrùn tí àwọn èèyàn ń gbàgbé sójú ọ̀nà ni. Mo bi fóòmàn ní ìbéèrè Màmá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí bẹ́ńṣì.

Káàdì tí wọ́n ń fún àwọn tó ń rìn wà lọ́tọ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa rọra, kí wọ́n di igi mú, kí wọ́n má fọwọ́ pa ojú lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ wọn bí wọ́n bá délé. Ìyẹn ló yẹ kí n tú fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí "kò gbọdọ̀" kan ṣoṣo nínú rẹ̀, mo sì mọ irú lẹ́tà tí Màmá ń retí.

Ẹ má fi èyí hàn án. Bí ọ̀ràn bá le pátápátá, ẹ fi hàn án.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ẹ ò tíì kọ̀wé, ọkàn mi ò balẹ̀.

Lẹ́tà tí mo kọ sí Bàbá Télọ̀ nípa ìwọ̀n ẹ̀wù, àṣìṣe wà nínú ìwọ̀n náà. Bí ó bá ti dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Ẹ jó o. Mo gbọ́ pé iná ń pa fáírọ́ọ̀sì. Ní ti afárá, Bàbá Télọ̀ ti ń kọjá níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n á rọ́gbọ́n dá sí i. Ìgbìmọ̀ kò ní pẹ́ jókòó.

Ẹnì kan gbà pé kí n lo ọ́fíìsì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì. Màá ya fọ́tò lórí àga náà, màá fi ránṣẹ́ kí ẹ fi han obìnrin oníbúrẹ́dì. Ẹ sọ fún Bàbá Télọ̀ pé màá fi ọwọ́ sí àpò.

Ọmọ yín,
Alábòójútó.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi Alábòójútó,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Olùkọ́ alájá ti ra ajá míì. Lẹ́tà rẹ méjì dé lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí. Mo fi ẹ̀mú mú wọn, mo kọ ọjọ́ sí wọn lára, mo tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n á jáde.

Bàbá Télọ̀ gbé àga síwájú àpótí náà. Àpòòwé tirẹ̀ ló wà lókè, ó ń wò ó láti inú nẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Mo rí i."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

"Ọjọ́ kẹta nìyí."

"Ẹ gbé e sókè síbi iná, kí n kà á láti ìta."

"Ọwọ́ ta ló fẹ́ gbé e?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi ń wúkọ́. Mo fetí sí ikọ́ náà, kì í ṣe irú èyí tí rédíò sọ. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù, bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ọlidé. Mo bi í pé kí ló wà nínú lẹ́tà náà tó ń kán an lójú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni."

Ní ọjọ́ kọkànlá, òjò rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní ká má lọ. Ó ní dókítà sọ pé lójoojúmọ́, pé àbí èmi náà fẹ́ máa yan òfin tí màá tẹ̀ lé? Inú mi dùn sí i. Nígbà tí a dé afárá, mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ igi. Mo ní kó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, kó má bàa ṣèèṣì. Ó tì wọ́n bọ̀ ọ́. Ó dé pákó kẹrin, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, mi ò fọwọ́ kàn án." Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú.

Odò náà ò jinlẹ̀, kò kọjá ojúgun. Òkúta ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò tètè jáde nínú àpò.

Mo wọ inú omi lọ bá a. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Mo fi ọwọ́ mi kan ojú rẹ̀, mo fi kan imú rẹ̀, mo fi kan ẹnu rẹ̀. Ó pe orúkọ tó ń pè mí nígbà tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Òfin karùn-ún ni mo rú. Mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé èmi ni.

Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ kí o mọ̀.

Ọ̀tunla ni lẹ́tà rẹ̀ máa pé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èmi ni mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn jù, nítorí náà èmi ni màá ṣí i.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo ka ìwọ̀n ẹ̀wù náà.

Lẹ́tà rẹ tó ní kí n jó o dé ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹfà. Ó lo ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀ pé bí àwọn yòókù, ní kùtùkùtù ìjẹta ni mo sì ṣí i. Fọ́tò orí àga náà dé lónìí. Mi ò tíì wò ó. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Kí n tó di wolé-wolé, mo fọ ṣáláńgá ọjà fún ọdún mẹ́rin. Bàbá Télọ̀ mọ̀. Òun ló máa ń bá mi gbé omi. N kò sọ fún ọ rí, torí mo rò pé ojú á tì ọ́. Ká ní o kọ ọ́ sí mi pé géètì lò ń nù, ǹ bá ti rán ọ létí pé kí o máa fún àkísà gbẹ dáadáa, kó má bàa ta sí ọ lẹ́sẹ̀. Ǹ bá ti sọ fún obìnrin oníbúrẹ́dì pé iṣẹ́ ìyá rẹ lo jogún. Àbúrò mi ì bá sì wà lórí bẹ́ńṣì báyìí, kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni mo ní kó ti ọwọ́ bọ àpò. Mi ò kó ìyẹn lé ọ lórí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní kó dì í mú wà lórí tábìlì mi fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, mo sì ń nu eruku lórí àpótí náà láràárọ̀.

Má kọ Alábòójútó sí mi mọ́. Rán bọ́tìnnì yẹn mọ́ ẹ̀wù rẹ fúnra rẹ. Kò sí ẹni tó máa bá ọ rán an níbí mọ́.

Ọ́fíìsì ọ̀nà oko ti fèsì. Mo fi ìwé wọn sínú lẹ́tà yìí. Fi sínú fáìlì.

Ìyá rẹ.


ÌKÉDE

Láti: Ọ́fíìsì Àbójútó Ọ̀nà Oko
Sí: Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, àti gbogbo ará ìlú
Ọ̀rọ̀: Àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì lára géètì mẹ́ta, bẹ́ńṣì kan àti igi ìdìmú kan

A fi ìkéde yìí sọ fún tẹrú-tọmọ pé òṣìṣẹ́ wa méjì ṣe àyẹ̀wò tí ẹ béèrè fún ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún. Lára géètì kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta, wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan. Lára bẹ́ńṣì, ìgbẹ́ ẹyẹ nìkan ni wọ́n rí. Wọn kò lè yẹ igi ìdìmú afárá wò, nítorí pé a kọ ọ́ sára rẹ̀ ní ọ̀dà pupa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dì í mú, àwọn òṣìṣẹ́ wa sì jẹ́ ẹni tó ń pa òfin mọ́. Ọ̀kan nínú wọn yọ̀ ṣubú lórí afárá náà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá.

Èsì yìí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún. A yà á sọ́tọ̀ díẹ̀ ni, nítorí pé ìwé náà ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

A ń rán gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà náà létí pé kí wọ́n di igi ìdìmú mú gírígírí. Ẹni tí kò bá dì í mú, tó sì ṣubú, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni, ọ́fíìsì yìí kò ní dáhùn fún un. A sì ń wá ẹni tó fi ọ̀dà ba igi náà jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ka ìkéde yìí tán.